Yàrá Tí A Gbà Lọ́wọ́ Ayálégbé

Yàrá tí mo bí àkọ́bí mi sí kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tó fún wa. Àáfà kan, ará Ìlọrin, ló háyà yàrá méjì tó kángun sí ara wọn lọ́wọ́ onílé ní Ashanti New Town. Ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú ìkejì. Nígbà tí ọmọ kéwú pọ̀ jù, ó kó wọn lọ sí abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, yàrá kejì ṣófo, ó sì fi yá wa.

Sóǹgò, àdúgbò àwọn àlejò, ni wọ́n bí mi sí, nínú Kumasi níbẹ̀. Bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò, ó ń ta abọ́ tánńganran ní ọjà Kejetia. Èdè Twi tí mo gbọ́ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ Ashanti. Bí inú bá ń bí mi, òun ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ti ọkọ mi yàtọ̀. Ilé, nílẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n bí i sí, ó ti di géńdé kó tó wọ ọkọ̀ wá. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà, ó ń gbé e kiri àwọn abúlé tí wọ́n ti ń gbin kòkó, a sì máa pẹ́ lọ́nà kó tó wálé. Twi tirẹ̀ kò ju ti ọjà lọ: èló ni, ó ti wọ́n jù, ẹ ṣé.

Èmi ń ránṣọ. Fèrèsé yàrá náà ni mo rí tí mo fi ní ibẹ̀ ni mo fẹ́. Ó kọjú sí ìlà oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí ẹ̀rọ mi láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí.

Kí a tó kó wọlé, Àáfà mú wa lọ kí onílé. Bàbá arúgbó ni, kòkó ti sọ ọ́ di olówó nígbà kan, gbogbo ilé sì ń pè é ní Nana, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà. Ọtí ni wọ́n máa ń gbé lọ fún onílé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ashanti, ṣùgbọ́n Àáfà ní ọwọ́ òun kò lè gbé ọtí, ló bá di obì sínú aṣọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó tì í lórí àpótí, ìyá àgbà tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Bàbá bu obì jẹ, ó wo ikùn mi tó ti ga, ó ní, "Kí wọ́n wọlé. Ilé tí a kò ti gbọ́ ẹkún ọmọ, ilé òkú ni." Ìyá àgbà mi orí sí i. Gbogbo àdéhùn wa nìyẹn. A kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, Àáfà là ń kó owó ilé fún. Òun á pa á pọ̀ mọ́ tirẹ̀, á kó o fún onílé. Ọwọ́ wa àti ọwọ́ onílé kò pàdé rí. N kò ka èyí sí nǹkan kan. Ọmọ ilé wa ló gba yàrá, ó fún wa níbi tí a ó gbé, kí ló tún kù?

Nígbà tí mo bímọ, ìyá tó bí mi ti kú. Ìyá àgbà inú ilé náà ló ń wẹ ọmọ fún mi. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lójúde, á tẹ́ ọmọ náà lé ojúgun rẹ̀, á máa fi omi gbígbóná nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, á máa fi orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i pè é bí ìṣe wọn, á máa kọrin fún un. Ọmọ náà kò sunkún lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ mi ló ti ń sunkún.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ìrìn nígbà tí Nana kú. Aṣọ pupa àti aṣọ dúdú kún inú àgbàlá, àwọn ènìyàn ń ti abúlé wọlé, wọ́n ń sùn káàkiri lórí ẹní. Nígbà tí ìsìnkú parí ni mo wá rí ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, bí bàbá bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ arábìnrin olóògbé ni. Ọmọ ìyá àgbà yìí gan-an ló jogún ilé. Tafo ló ń gbé, ó ní lọ́rì kan tó ń wà fúnra rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni lójú, kì í pariwo. Ó kàn sọ fún ìyàwó olóògbé pé kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wá ibòmíràn gbé. Obìnrin náà di ẹrù, ó gbé ìkòkò ata rẹ̀ lé orí, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Èyí àgbà nínú wọn ń fi ọwọ́ ra ògiri bó ti ń lọ, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Mo dúró lójú fèrèsé, aṣọ tí mo ń rán wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá lè sọ pé kí ọmọ bíbí inú olóògbé máa lọ, kí ni wọn yóò sọ fún wa?

Lẹ́yìn náà ni Àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún mi. Á gba ẹ̀yìn ilé jáde, á gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun, ó wá dúró níwájú yàrá wa, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi," ó ní, "mò ń lọ sí Ìlọrin. Ara ò gbé mọ́, n kò sì fẹ́ kú sí ilẹ̀ onílẹ̀."

"Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀, Bàbá."

"Àmín. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé tuntun."

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá yín?"

Ó wo ilẹ̀. "Ti yàrá méjèèjì."

"Bàbá, àwa tí à ń gbé inú ọ̀kan ńkọ́?"

"Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ onílé ni mo dá padà fún onílé," ó ní. "N kò lè fi ohun tí kì í ṣe tèmi sílẹ̀ fún yín. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni mo máa wí fún Ọlọ́run?"

Mo tọ́jú gúgúrú àti ẹ̀pà fún un pé kó máa jẹ lọ́nà. Mo sunkún nígbà tó lọ, n kò sì mọ̀ bóyá nítorí rẹ̀ ni tàbí nítorí ara wa.

Onílé tuntun wá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó kí mi dáadáa. Ó ní Àáfà ni ayálégbé àbúrò ìyá òun, Àáfà sì ti lọ, nítorí náà yàrá ti ṣófo. Mo ní kò ṣófo, èmi nìyí nínú rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó wo ọmọ tó sùn lórí ẹní, ó ní, "Màámé, n kò mọ̀ yín." Ó sì jáde.

Ọkọ mi wà lẹ́yìn odi. Mo lọ bá bàbá mi ní Kejetia, ó wà láàárín abọ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Àlejò kì í du ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Kó ẹrù rẹ wá sí Sóǹgò."

"Bàbá, yàrá kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ̀yin mélòó lẹ sì ń sùn síbẹ̀?"

"A ó sún mọ́ra."

N kò lọ. Mo rò pé bí ọkọ mi bá dé, yóò mọ ohun tí a ó ṣe.

Káfíńtà méjì ló kọ́kọ́ dé. Àárọ̀ ni, mo ń rán ẹ̀wù ilé ìwé fún oníbàárà kan. Wọ́n kí mi, èyí àgbà ní, "Màámé, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa." Wọ́n tú ilẹ̀kùn yàrá mi kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n sì lọ. Ìgbà òjò ni. Mo ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà, òjò ń fẹ́ ẹ wọlé, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ní ọ̀sán, gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí kànga ló ń rí ibùsùn mi. Àwọn kan yíjú kúrò nítorí ìtìjú. Àwọn kan kò yíjú.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó dúró lójúde pẹ̀lú àpótí ìlẹ̀kẹ̀ lórí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ó jókòó sí ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, bẹ́ẹ̀ ló sì sùn mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé bá wa.

Obìnrin kan tí mo ń ránṣọ fún, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé, ló sọ fún mi pé ìjọba ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé. A lọ síbẹ̀, èmi àti ọkọ mi. Ọmọ Ashanti ni ọ̀gá tó dá wa lóhùn, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, ní Twi.

"Ta ló fún yín ní yàrá?"

"Àáfà ni."

"Ṣé Àáfà ló nilé?"

"Rárá."

"Ayálégbé ni òun náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi kálámù sílẹ̀. "Ẹni tó bá gba yàrá lọ́wọ́ ayálégbé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ti ẹni tó fún un ni. Àáfà ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí onílé kò bá mọ̀ nípa yín, tí kò fọwọ́ sí i, òfin náà kò mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí onílé àkọ́kọ́ bá mọ̀, tó sì gbà kí Àáfà fi yàrá yá yín, ẹ ti di ayálégbé tirẹ̀, ẹni tó jogún rẹ̀ kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀ yín."

"Ó mọ̀," mo ní. "Ó jẹ obì wa. Ó ní ká wọlé."

"Ta ló rí i?"

"Àáfà."

"Àáfà dà?"

"Ó ti lọ sí Ìlọrin."

"Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Ìyá ẹni tó jogún ilé," mo ní. Mo ti rí ibi tí ìdáhùn mi ń lọ.

Ó bi mí nípa ilẹ̀kùn, mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní ti ilẹ̀kùn yàtọ̀, pé ká tilẹ̀ ní a kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà, onílé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé wa. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé ènìyàn. Ó kọ ìwé ìpè sí onílé, ó sì ní kí n mú ẹlẹ́rìí mi wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo lọ bá ìyá àgbà. Ó jókòó sínú oòrùn, ó ń pa ẹ̀pà sínú abọ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń bá a pa á. Kò wojú mi.

"Mo mọ ohun tí o bá wá," ó ní.

"Nana, mo bẹ̀ yín."

"Ọmọ mi ni. Mo gbé e pọ̀n kí n tó gbé ọmọ tìrẹ. Òun ló ń bọ́ mi. Òun ni yóò ra pósí mi. O fẹ́ kí n dìde níwájú ìjọba kí n pè é ní òpùrọ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí ni."

"Ohun kan náà ni," ó ní. A pa ẹ̀pà yẹn tán. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "N kò ṣèlérí fún ẹ, Alátà." Alátà ni wọ́n ń pe àwa tí a ti Nàìjíríà wá. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ ẹjọ́, n kò mọ̀ bóyá yóò wá. Onílé ti jókòó, ó wọ aṣọ mímọ́. Ó sọ fún ọ̀gá náà pé àbúrò ìyá òun kò mọ̀ wá rí, pé Àáfà ló fi ọgbọ́n kó wa wọlé, pé ilé kún fún àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bí mi ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ obì, èmi náà ì bá gbà á gbọ́.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà wọlé, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dìde láti fà á jókòó, ó ti rò pé nítorí òun ló ṣe wá. Ọ̀gá náà bi í bóyá àbúrò rẹ̀ mọ̀ pé Àáfà fi yàrá yá àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Fáànù ń yí lókè. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

"Mo jókòó tì í," ó ní ní Twi. "Wọ́n gbé obì wá. Àbúrò mi jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n wọlé."

Ọkọ mi fọwọ́ tọ́ mi. "Kí ló sọ? Kí ló sọ?"

Ojú ọmọ ìyá àgbà ni mò ń wò, ó ti dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí láàárín ọjà.

A jàre. Ọ̀gá ní kí wọ́n dá ilẹ̀kùn wa padà, kí á sì máa san owó ilé fún onílé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó jáde, ó pè mí padà, ó ní bí onílé bá fẹ́ yàrá náà fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹbí rẹ̀ lọ́la, ó lè fún wa ní ìwé ìkìlọ̀, kó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. "Àkókò lẹ rí gbà," ó ní. "Ẹ máa wá ilé."

Wọ́n dá ilẹ̀kùn padà. Káfíńtà yẹn kan náà ló wá kàn án, inú rẹ̀ dùn fún wa, ó tilẹ̀ fi epo pa ìdè rẹ̀. Òun nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Àwọn obìnrin inú ilé kò dá mi lóhùn nígbà tí mo bá kí wọn. Bí mo bá dé ìdí kànga, ẹni tó wà níbẹ̀ á ká okùn rẹ̀, á gbé e lọ, mo sì ní láti ra okùn tèmi. Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn yá ọmọnìkejì rẹ̀ lókùn. Nígbà tí ọkọ mi kó owó ilé lọ sí Tafo, onílé gbà á láìwo ojú rẹ̀, ó ní kí ó máa gbé e sí orí tábìlì lọ́jọ́ mìíràn.

Onílé kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti oko dé, á gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún un nínú lọ́rì. Ó ṣì ń gbé e wá, ṣùgbọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì yí lọ́rì padà. Ìyá àgbà á jókòó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà títí ọmọ ilé kan yóò fi bá a gbé e wọlé. Mo máa ń gbé ọmọ mi lọ fún un. Ó ń gbà á, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ọjọ́ yẹn pè é mọ́, kò sì kọrin.

Ní àárọ̀ kan, lọ́rì dé, onílé sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan. Ó ní ariwo ìgboro kò dára fún àgbàlagbà, pé kí ìyá òun padà sí abúlé. Wọ́n gbé àpótí rẹ̀, wọ́n gbé ẹní rẹ̀. Kò bá wọn jiyàn. Nígbà tó kọjá lójú fèrèsé mi, ó dúró, ó di irin fèrèsé mú.

"Má sunkún," ó ní. "Irọ́ mọ́ alààyè, mo lè pa á. Òkú ni n kò lè pa á mọ́."

Mo sáré jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e sókè sí iwájú ọkọ̀.

Ìyá àgbà kú kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé. Ẹnìkan ló sọ ọ́ nídìí kànga, kì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo gbọ́ Twi. Ọkọ mi ra aṣọ dúdú, ó gbé e lọ sí Tafo pé kí wọ́n fi bá wa sin ín. Wọ́n ní kó gbé e padà. Ó gbé e padà, ó sì fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. N kò rán an títí di òní.

Onílé kò fún wa ní ìwé ìkìlọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lé wa. Ọkọ mi kàn sọ ní ọjọ́ kan pé, "Ìyá ọmọ mi, ṣé a ó máa gbé ibí báyìí?" Mo ní rárá. A kó ẹrù lọ sí Sóǹgò, sí ilé kan tí yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé tó ju ìwé lọ. Àtùpà ni mo fi ń ránṣọ ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ọmọ mi ti ń lọ sí ilé ìwé nígbà tí mo pàdé onílé náà ní Kejetia. Ó ti rù, ó ní òun ti ta lọ́rì. A dúró láàárín èrò, àwọn alárù ń pariwo kí a yà fún wọn. Ó wo ọmọ náà.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni."

"Màámé mi béèrè rẹ̀," ó ní. "Lábúlé. Ó ń béèrè rẹ̀ títí."

Mo dúró pé bóyá yóò sọ nǹkan mìíràn. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì rìn lọ sí ìhà ibi tí àwọn ọkọ̀ Tafo ń dúró sí.